Ọ́fíìsì Master ní Gúúsù Áfíríkà: iṣẹ́ dé ìgbèríko, àṣẹ kò bá a dé ibẹ̀

Bí ènìyàn bá kú ní Gúúsù Áfíríkà, ì báà fi ilé mẹ́ta sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ráńdì mélòó kan ló kù sí báńkì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúkìá náà títí ọ́fíìsì kan yóò fi fún un ní ìwé àṣẹ. Master of the High Court ni orúkọ ọ́fíìsì náà. Orúkọ yìí máa ń mú kí àlejò rò pé adájọ́ ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ogún olóògbé, owó ọmọ tí kò tíì dàgbà, dúkìá ẹni tí gbèsè wó mọ́lẹ̀ àti àwọn trust, ìyẹn dúkìá tí wọ́n fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ láti máa tọ́jú fún ẹlòmíràn. Ohun tí probate registry, ọ́fíìsì kóòtù tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ogún, ń ṣe lọ́tọ̀, tí Public Trustee, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú dúkìá fún ẹlòmíràn, ń ṣe lọ́tọ̀ ní Èkó, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n kó o sí lọ́hùn-ún.

Àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kàwé, tó ń ṣòwò ní Johannesburg, Pretoria, Durban àti Cape Town kò kéré, ìbéèrè tí ẹbí láti ilé sì máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ikú bá dé ni pé ọ́fíìsì wo ni kí àwọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi yẹ iṣẹ́ yìí wò, pàápàá bí wọ́n ṣe tú u ká sí ìlú púpọ̀. Èrò wa kò ju ọ̀kan lọ: títú tí wọ́n tú iṣẹ́ náà ká dára, ó sì tọ́, àṣẹ àti àkọsílẹ̀ tó yẹ kó bá iṣẹ́ náà rìn ni kò bá a rìn délé.

Olú ọ́fíìsì wà ní Pretoria, níbi tí Chief Master, ọ̀gá gbogbo wọn, wà. Ọ́fíìsì 15 ló wà lábẹ́ rẹ̀: Pretoria, Johannesburg, Cape Town, Durban, Pietermaritzburg, Bloemfontein, Kimberley, Makhanda, Gqeberha, Bhisho, Mthatha, Mahikeng, Polokwane, Thohoyandou àti Mbombela. Àwọn káńtà kéékèèké tún wà nínú kóòtù májísíréètì ní àwọn ìlú tí kò ní ọ́fíìsì Master. Service point ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òṣìṣẹ́ kóòtù ló ń jókòó síbẹ̀, àmọ́ orúkọ Master ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ọ́fíìsì ńlá ṣe pín: Eastern Cape ní mẹ́rin, Northern Cape tó fẹ̀ ju gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù lọ sì ní ẹyọ kan, ní Kimberley. Láti Upington sí Kimberley tó nǹkan bí 400 kìlómítà. Fún ẹni tó ń gbé Upington, káńtà inú kóòtù yẹn kì í ṣe àfikún. Òun gan-an ni ọ́fíìsì.

Ìtàn tó bí àwọn káńtà yìí kò dùn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1927, Black Administration Act, ló sọ pé bí aláwọ̀ dúdú bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan Master rárá, májísíréètì ni kó bójú tó o. Ẹnu ọ̀nà méjì, ìlànà méjì. Ní December 2000, nínú ẹjọ́ Moseneke, Constitutional Court sọ pé ìyapa yìí lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ náà. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2002. Ní October 2004, nínú ẹjọ́ Bhe, ilé ẹjọ́ kan náà fòpin sí ìlànà pé ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí ni kó jogún ohun gbogbo. Nínú ẹjọ́ yẹn, bàbá olóògbé ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ṣe ajogún, tí àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì tí olóògbé bí kò rí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, òfin kan ni gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn májísíréètì ti ní káńtà káàkiri ìgbèríko tẹ́lẹ̀, Master kò sì ní. Wọ́n wá sọ kóòtù tí wọ́n ti ń lé ènìyàn dúdú sí di ẹ̀ka Master. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ilẹ̀ náà ṣe lórí ọ̀rọ̀ ogún, èyí ni a fọwọ́ sọ̀yà fún jù.

Iye dúkìá ló ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Láti November 2014, ráńdì 250,000 ni ààlà. Bí gbogbo dúkìá olóògbé kò bá ju iye yìí lọ, láìtíì yọ gbèsè, abala 18(3) nínú òfin 66 ti 1965, òfin tó ń darí bíbójútó ogún, gba Master láyè láti fúnni ní ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní letter of authority, láìsí wàhálà ìkéde nínú ìwé ìròyìn tàbí ìṣirò gígùn. Irú èyí ni káńtà májísíréètì lè gbà wọlé. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún, bí gbèsè rẹ̀ bá ju dúkìá rẹ̀ lọ, tàbí bí dúkìá bá kọjá 250,000, káńtà yóò ní kí ẹ gba ọ́fíìsì Master fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù pẹ̀lú ìwé ìhágún lápò. Ẹ óò padà lọ́wọ́ òfo.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè fún ogún kékeré kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti máa ń dáni dúró. Fọ́ọ̀mù J294 ni ìkéde ikú. Òfin ní kó dé ọ̀dọ̀ Master láàárín ọjọ́ 14. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ikú láti Home Affairs, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ìwé tí wọ́n fi ń gba àṣẹ ìsìnkú kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ikú, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń mú wá nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí gbà. J192 ni ìwé ìbúra lórí ẹbí: ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, ọmọ ìyá, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti kú tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fo ọmọ kan nítorí pé ìyá rẹ̀ àti ẹbí kò ríra sójú, fáìlì náà yóò dúró lọ́jọ́ tí ìyá náà bá yọjú. J243 ni àkọsílẹ̀ dúkìá. J155 ni ìwé tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe alábòójútó fi ń gbà láti tẹ̀lé ohun tí Master bá ní kó ṣe. Àwọn ajogún yòókù yóò kọ̀wé pé àwọn fọwọ́ sí i pé òun ni kó ṣe é. Ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé ìgbéyàwó náà ńkọ́? Ẹ̀dà wọn ni kí ẹ mú wá, tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí. Àgọ́ ọlọ́pàá máa ń lù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn báńkì máa ń kọ òǹtẹ̀ tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ má lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà 20 lọ́jọ́ kan kí ẹ wá tọ́jú wọn dé ọdún tó ń bọ̀.

Lórí ìwé ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tiwa. Tọkọtaya tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, tó ṣe ìdána, tí wọn kò sì dé kóòtù, kò ní ìwé kankan láti fi lé orí káńtà. Iyàwó náà mọ̀ pé aya ni òun, ẹbí méjèèjì mọ̀ ọ́n, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Polokwane kò mọ̀ ọ́n. Kí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó kọ ìwé ìbúra, kí wọ́n dárúkọ ọjọ́, ìlú àti àwọn tó dúró níbẹ̀, kí ìwé yẹn sì wà nínú fáìlì láti ọjọ́ kìíní, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ìjà bá dé ni wọ́n ń wá a kiri.

Ibi tí J243 ti ń bàjẹ́ ni kí a dúró sí díẹ̀. Wọ́n máa ń kọ "owó ní báńkì" láìsí orúkọ báńkì, láìsí nọ́ńbà àkáǹtì, láìsí iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí olóògbé kú. Letter of authority máa ń to dúkìá lẹ́sẹẹsẹ, báńkì kì í sì í san ohun tí kò sí lórí ìwé náà. Àkáǹtì tí ẹ bá gbàgbé di ìrìn-àjò mìíràn, ìlà mìíràn, ìwé mìíràn. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Ti mọ́tò, ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ti ilé, nọ́ńbà ilẹ̀ tó wà lórí title deed, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilé, ni wọ́n fẹ́, àdírẹ́sì òpópónà nìkan kò tó. Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn fojú bu iye dúkìá sí ìsàlẹ̀ 250,000, kí wọ́n wá rí àkáǹtì tàbí ilé kan lẹ́yìn náà. Ìwé kékeré náà kò ní bá ìyẹn mu mọ́. Wọn yóò dá a padà, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì gidi, nígbà míì lẹ́yìn tí ẹbí ti pín apá kan rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó mú kí ogún kékeré rọrùn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú òfin ogún àìṣèwé, òfin 81 ti 1987, ẹni tó jẹ́ ọkọ tàbí aya olóògbé yóò gba ráńdì 250,000 tàbí ìpín ọmọ kan, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Iye kan náà ni pẹ̀lú ààlà káńtà. Bí dúkìá kò bá tó 250,000, tí olóògbé sì fi ìyàwó kan sílẹ̀, ìyàwó náà ló kó gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ kò ní ìpín lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mú ìlànà orí-ò-jorí tàbí ìdí-igi lọ́kàn dé káńtà yẹn yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ jà lásán.

Bí dúkìá bá kọjá ààlà, ọ̀nà gùn. J190 ni ìwé tí alábòójútó fi ń gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Méjì ni wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ọ̀kan wá yóò padà sílé lọ mú ìkejì. Bí Master bá ní kí ẹ mú onídùúró wá, J262 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀; wọ́n sábà máa ń fo èyí fún ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ olóògbé. Nígbà tí ìwé àṣẹ bá dé, alábòójútó yóò kéde nínú Gàsẹ́ẹ̀tì Ìjọba àti nínú ìwé ìròyìn kan tó ń tà ní àdúgbò olóògbé, pé kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé jẹ ní gbèsè yọjú. Wọn kò gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọjọ́ tó dín sí 30. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìṣirò gbogbo ohun tó wọlé àti bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Master. Lẹ́yìn tí Master bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 21 kí ẹnikẹ́ni lè wá kà á. Owó iṣẹ́ alábòójútó, bí ìwé ìhágún kò bá sọ iye mìíràn, jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo dúkìá, àti 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lẹ́yìn ikú. Lọ́yà tàbí báńkì tó bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kó fi ibi tí òfin gbé sọ ọ́ hàn yín. Ti Master fúnra rẹ̀ kò wọ́n: ọ̀fẹ́ ni títí dé 250,000, láti ibẹ̀ dé 400,000, ráńdì 600 ni, 200 sì ni wọ́n ń fi kún un fún ráńdì 100,000 kọ̀ọ̀kan tó bá lé, kò sì gbọdọ̀ ju 7,000 lọ bó ti wù kí ogún náà pọ̀ tó. Lórí iye owó, a kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ọjọ́ 21 yẹn ni ẹ ti máa rí àìsí ìṣọ̀kan láàárín àwọn ẹ̀ka ní kedere. Bí olóògbé bá gbé ní ìlú tí kò ní ọ́fíìsì Master, ibi méjì ni ìṣirò náà gbọ́dọ̀ wà: lọ́dọ̀ Master àti ní kóòtù májísíréètì ìlú náà. Alábòójútó ni yóò gbé e débẹ̀, kóòtù ni yóò fi ìwé jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21 tí ẹnikẹ́ni kò tako ó, alábòójútó yóò sì gbé ẹ̀rí náà padà fún Master. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ń gbé ìwé kiri: ará ìlú ni. Bí òṣìṣẹ́ kóòtù bá gbàgbé láti lu òǹtẹ̀, ọjọ́ 21 náà lè tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ máa pe kóòtù náà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má dúró di ọjọ́ 22.

Fáìlì kì í rìn láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń fún fáìlì ní nọ́ńbà àti ọdún tirẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò tó láti fi béèrè nǹkan. Ẹ dárúkọ ọ́fíìsì mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè lo ìkànnì ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà náà yẹ kó ṣe ni pé kó kígbe bí ẹni méjì bá kéde ogún ẹnì kan náà ní ibi méjì, ìyẹn ìyàwó kan ní Mthatha, òmíràn ní Johannesburg. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-dígíìtì 13 ló rọrùn jù láti fi dá olóògbé mọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kò ní in. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ni wọn yóò kọ, ìwé ìrìnnà sì máa ń yí padà bí ó bá parí, orúkọ Yorùbá náà sì lè di oríṣi mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù mẹ́ta. Kí ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí olóògbé ti lò rí, àtijọ́ àti tuntun, sórí J294, kí ẹ sì kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an. Èyí nìkan lè dènà ìwé àṣẹ méjì.

Gbígbé ohun gbogbo lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ewu tirẹ̀. Ní September 2021, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ pa, wọ́n ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka ló fara gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹbí tí wọ́n fẹ́ san owó ilé ìwé láti inú ogún kò rí ìwé gbà, àwọn òṣìṣẹ́ sì padà sí bírò àti ìwé. Oṣù kejì rẹ̀, SIU, àjọ tó ń wádìí ìwà ìbàjẹ́, wọ àwọn ọ́fíìsì náà lọ yẹ fáìlì wò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́ni ní ohun kan náà: iṣẹ́ tí a tú ká sí ìlú 15 nílò ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó dúró ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí Pretoria bá ṣókùnkùn.

Ta wá ni a ó fẹjọ́ sùn? Òfin ní kí Chief Master máa darí gbogbo Master, kó sì máa bójú tó wọn. Ó ń kọ ìlànà ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n Master kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tí òfin fún un fúnra rẹ̀, àti pé bí ó bá ti pinnu, ilé ẹjọ́ gíga ni abala 95 nínú òfin 66 yẹn sọ pé kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn gbà lọ. Lẹ́tà sí Chief Master lè mú kí wọ́n wá fáìlì tó sọnù, ó lè mú kí wọ́n dáhùn. Kò lè yí ìpinnu padà bí ti ilé ẹjọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí ìlànà dọ́gba: ohun tí ọ́fíìsì kan gbà, òmíràn lè ní kí ẹ tún ṣe. Pẹ̀lú káńtà májísíréètì, ó tún burú díẹ̀, nítorí ọ̀gá méjì ni òṣìṣẹ́ náà ní: kóòtù tó ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, àti Master tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe máa rí. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá pọ̀ ní kóòtù, ogún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá ní ká fún un ní máàkì, káńtà gba 4 nínú 5 nítorí pé ó sún mọ́ni, ìṣọ̀kan láàárín àwọn ẹ̀ka gba 2.

Bí olóògbé kò bá gbé Gúúsù Áfíríkà rárá, bí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó ní ilé kan ní Johannesburg, ẹ lè kéde fún Master èyíkéyìí tí ó wù yín, ọ̀kan ṣoṣo ni ṣá o, pẹ̀lú ìwé ìbúra pé Master mìíràn kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ. Ẹ yan èyí tó sún mọ́ dúkìá. Ìwé àṣẹ tí ẹ gbà ní kóòtù ní Nàìjíríà kò lè ṣí báńkì kankan lọ́hùn-ún títí Master yóò fi fọwọ́ sí i tàbí kó kọ tuntun.

Ó ku Guardian's Fund, àpò tí wọ́n ń fi owó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sí nígbà tí ogún bá kàn wọ́n. Public Investment Corporation, àjọ ìjọba kan, ló ń fi owó náà ṣòwò, ó sì ń so èlé. Alágbàtọ́ lè béèrè owó ilé ìwé, aṣọ tàbí ìtọ́jú láti inú rẹ̀, kó mú ìwé iye owó láti ilé ìwé wá; ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń san án fún tààrà. Nígbà tí ọmọ bá pé 18, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ìyókù, sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì 15 ló ní àpò yìí: Pretoria, Cape Town, Pietermaritzburg, Bloemfontein, Makhanda àti Kimberley nìkan ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sí Mthatha lè dàgbà sí Soweto láìmọ̀ pé Makhanda ni owó òun wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, ọgbọ̀n ọdún ni, owó náà di ti ìjọba. Orúkọ àwọn tí wọn kò tíì wá gba owó wọn máa ń jáde nínú Gàsẹ́ẹ̀tì. Kí alágbàtọ́ kọ nọ́ńbà fáìlì àti orúkọ ọ́fíìsì sẹ́yìn ìwé ìbí ọmọ náà, níbi tí ọmọ yóò ti rí i lọ́jọ́ tó bá ń wá ìwé ìbí lò.